Sí Àkànní, Lórí Ọ̀rọ̀ Bẹ́ǹṣì

Forney, Texas
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àkànní, ọmọ mi àtàtà,

Ara wa le o. Ìyá rẹ wà ní kíṣìnì, ó ń se ọbẹ̀ tí a óò jẹ títí di òpin ọ̀sẹ̀, ó sì rò pé fọ́ọ̀mù owó orí ni mò ń kọ. Jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀ ná. Tí mo bá parí, màá ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, màá fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, nítorí tí mo bá gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ á ti kọjá kó tó dé Ọsirélíà.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. O lè kà á. Bíbélì Yorùbá la fi kọ́ ọ láràárọ̀ kí bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó dé, ìwọ a sì máa ka Sáàmù bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán dúró tì. Tí o bá dé ibi tó le, rọra kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gẹ̀ẹ́sì mi tó fún ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá fi sọ ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, bí ẹni ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni yóò máa dún.

Ìyá rẹ fi ohun tí o kọ sí i hàn mí. Má bínú sí i. Ó bá mi nínú gáréèjì, ó na fóònù sí mi. Mo kà á. O ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rẹ tún fẹ́ kí o ṣe ọdún méjì sí i lọ́dọ̀ àwọn, iṣẹ́ kan náà, ipò kan náà, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí. O ní o kò ní fọwọ́ sí i. O fẹ́ padà wá sí Dallas kí o wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. O ní kì í ṣe pé bọ́ọ̀lù sú ọ, ó kàn ti rẹ̀ ọ́ láti máa jẹ́ ohun tí Daddy ń gbàdúrà lé lórí.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mi ò tan ẹ́ńjìnnì, mo pẹ́ níbẹ̀. Ó dùn mí, ọmọ mi, nítorí pé òótọ́ ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ṣẹ̀ ọ́, kó má baà dà bíi pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí ìjọ ilé wa ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Bíi ènìyàn mẹ́rìndínlógún wà nínú pálọ̀, bàtà kún ẹnu ọ̀nà, ìrẹsì ń dúró de àmín ìkẹyìn. Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, ìyá rẹ pè ọ́ kí gbogbo wọn lè rí ọ lójú fóònù. Ẹ̀rín ni o ń rín, irun rẹ ṣì tutù, ó jọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni. Alàgbà Òjó tó máa ń darí àdúrà wa kí ọ, ó ní, "Ọmọ wa, o kú iṣẹ́ o! Ṣé wọ́n ti ń fi ẹ́ start báyìí?" Ìwọ sì dá a lóhùn pé, "No sir, I come off the bench." Bí o ṣe sọ pé orí bẹ́ǹṣì lo ti ń wọlé sínú eré, kò sí ohun tó ṣe ọ́. Èmi ni nǹkan ṣe. Mo rí i pé àwọn ènìyàn wo ara wọn, ojú sì gbà mí tì.

Ni mo bá dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí sínú àdúrà. Ọdún keje rèé tọ́mọ yìí ti wà lọ́hùn-ún, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ṣì fi í sí."

Ó tán. O mọ Alàgbà Òjó. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi orúkọ àbísọ rẹ pè ọ́, ó ní, "Gbogbo ẹ̀mí bẹ́ǹṣì tó jókòó lórí ògo Bólúwatifẹ́, mo ní, dìde! Bẹ́ǹṣì yẹn, gbiná!" Gbogbo pálọ̀ gbà á: "Gbiná! Gbiná!" Arábìnrin kan ń gbá àga tuntun tí ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, bí ẹni pé òun gan-an ni bẹ́ǹṣì náà. Nínú gbogbo ariwo yẹn, mo gbọ́ tí o sọ̀rọ̀. O ní, "Daddy, I like my job." Èmi náà sì dáhùn pẹ̀lú gbogbo agbára mi, mo ní, "Àmín!"

Nígbà tí mo la ojú, fóònù ti ṣú. Mo tiẹ̀ sọ fún wọn pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni o kò fi pè mí lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì ń sọ fún ìyá rẹ pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kó ọ̀ràn bá ọmọ mi.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti ń wo ẹ̀yìn láti ọjọ́ tí mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ nínú gáréèjì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbà ọ́ nímọ̀ràn. Mo ti lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, mi ò sì bá a jókòó rí kí n sọ ibi tí mo ti kọsẹ̀ fún un.

Èkíní nìyí. Má ṣe jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ, bó ti wù kó dùn tó létí.

Bàbá mi, bàbá àgbà rẹ tí o kò bá láyé, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ewúrẹ́ wa kan fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, mo sì fi igi pẹlẹbẹ àti àkísà dì í fún un. Ewúrẹ́ náà rìn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń pè mí ní Dókítà. Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo parí ilé ìwé girama, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọn kò mú mi. Lẹ́ẹ̀kejì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì fún mi láyè. Ṣé o mọ ohun tí mo fi lẹ́tà wọn ṣe? Mo fi we ẹ̀pà. Mo ní èmi Dókítà, kí n wá lọ máa ṣe nọ́ọ̀sì? Ẹni tó jókòó tì mí nígbà ìdánwò gba ààyè tirẹ̀. Nígbà tí èmi ṣì ń ra fọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ti ń tọ́jú aláìsàn ní ọdún kẹta.

Àwọn ọdún yẹn lọ lásán, Àkànní. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ dókítà tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni mo ń lé.

Ìyókù o mọ̀ ọ́n. Físà jáde fún wa, a kó wá síbí nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Mo ṣe iṣẹ́ kó-páálí-gbé-páálí ní ilé ìkẹ́rùsí ní Lancaster fún ọdún mẹ́rin, kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe títí di òní: ẹni tó ń na irinṣẹ́ sí ọwọ́ dókítà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Scrub tech ni wọ́n ń pè wá. Iṣẹ́ gidi ni, òun ló fi ọ́ àti ìyá rẹ sínú ilé.

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú kan, mo gba ibi iṣẹ́ lọ sí ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Carrollton, pẹ̀lú aṣọ búlúù iṣẹ́ abẹ lọ́rùn. Màmá Àgbà Ìjọ rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "O kú iṣẹ́ o, Dókítà." Ó yẹ kí n sọ pé, "Èmi kì í ṣe dókítà, Mà." Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ ṣé o, Mà."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré yẹn ni mo fi ọdún mọ́kànlá rù kiri. Wọ́n kọ Dókítà mọ́ orúkọ mi nínú ìwé ètò ìsìn. Wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ ìlera fún ìṣẹ́jú márùn-ún lóṣooṣù, mo sì ń kà á nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní ibi iṣẹ́ wa: ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan dá mi dúró níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, ó yọ ike òògùn mẹ́rin síta, ó ní kí n bá òun mú èyí tí òun máa lò. Mo ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà tó fún un ní òògùn náà. Ó ní mo nírẹ̀lẹ̀ púpọ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀, tí mo sì ń jáde kó tó parí. Ilé Ọlọ́run tó yẹ kí n ti sinmi, mo wá ń rìn nínú rẹ̀ bí olè.

O bi mí léèrè nínú ọkọ̀ nígbà kan, kí o tó pé ọmọ ogún ọdún, "Daddy, why do they call you doctor?" Mo ní, "Wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni." O wojú fèrèsé títí a fi délé. Mo ti rò pé o gbàgbé. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tí bàbá mi ṣe sí mi ni mo ṣe sí ọ. O pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, o ga jù mí lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Sítáà. Sítáà, wá jẹun. Sítáà, lọ da ilẹ̀ nù. Mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣe ìdúpẹ́ sílẹ̀ de líìgì ńlá Amẹ́ríkà tí ìwọ fúnra rẹ kò tíì dárúkọ rí. Nígbà tí o jáde yunifásítì tí kò sí ẹgbẹ́ kankan níbí tó mú ọ, tí o gba Ọsirélíà lọ, sí ìlú kékeré tí a kò rí lórí àwòrán ilẹ̀, tí o ń gbá bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, mo sọ fún àwọn ènìyàn pé o lọ gba ìrírí wá ni. O ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí o fi gba ìwé ọmọ onílùú, tí ẹgbẹ́ ńlá fi pè ọ́. Mo tún ní, ó kù díẹ̀. Ohun gbogbo tí o ṣe, ó kù díẹ̀ lójú mi.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè iṣẹ́ rẹ, máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń sọ èyí bí ẹni ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n o ti ń ṣe é. Ìwọ lo dá Alàgbà Òjó lóhùn láìlọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀.

Èkejì: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe tí mo máa ń pa fún ọ tí o bá ń fọ abọ́ ni. Èmi tí mò ń pa á, mi ò kọ́ ọ títí mo fi di ẹni ogójì ọdún ó lé.

Ọdún kìíní mi nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ojú mi kì í gbé orí tábìlì mi. Ọwọ́ dókítà ni mò ń wò. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, èmi náà ì bá lè ṣe èyí. Ká tó rán ojú ọgbẹ́ pa, èmi ni mo gbọ́dọ̀ ka gbogbo irinṣẹ́ àti gbogbo aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀, kí a má baà gbàgbé ọ̀kan sínú ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, mo kà á, ó dín ẹyọ kan. Mo tún un kà. Ó dín. Dókítà gbé ọwọ́ sókè, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo. Nọ́ọ̀sì wà lórí eékún, ó ń tú ike ìdọ̀tí. Aláìsàn wà nínú oorun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ méjì ń dúró níta. Abẹ́ àwo irinṣẹ́ tèmi la ti rí i, ibi tí ǹ bá ti rí i tó bá jẹ́ pé tábìlì mi ni mò ń wò. Dókítà náà kò bú mi. Ó kàn sọ pé, "Mi ò lè ṣe iṣẹ́ mi tí ìwọ náà bá ń bá mi ṣe é."

Mo fẹ́ bínú. Nígbà tó yá mo rí i pé kò rẹ̀ mí sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé òun nílò mi níbi tí mo wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ rẹ̀: bó ṣe máa ń yí i sí òsì tó bá fẹ́ àlùmọ́gàjí, bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe máa ń nà sókè tó bá fẹ́ òwú. Lónìí, kó tó la ẹnu, nǹkan náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aláìsàn kò ní mọ orúkọ mi láéláé. Ó ń lọ sílé rẹ̀ láàyè. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ọmọ mi, ó ti tẹ́ mi lọ́rùn tipẹ́. Mi ò kàn lẹ́nu láti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ owó àti ìgbéyàwó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń tì mí lẹ́yìn. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo ṣí ìdíje rẹ tó kọjá lórí fóònù ní ibi tí a ti ń jẹun ọ̀sán. Ẹnì kan wà ní ibi iṣẹ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Curtis, òun ló ń ti àwọn aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nígbà èwe rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló dá a dúró. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Which one is yours?" Mo ní kò tíì wọlé. Ojú tún fẹ́ tì mí. Nígbà tí o wọlé, mo ń lé bọ́ọ̀lù kiri pẹ̀lú ojú mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó wò mí títí, ó fi ìka kan fóònù náà, ó ní, "Man, quit watching the ball. Watch your son."

A dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àkànní, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lódì kejì tó ti ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bó ṣe wù ú. O lọ dúró síwájú rẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló fẹ́ràn, o sì ń tì í sí ọ̀tún, sí ọ̀tún, títí ó fi bínú. Ẹnu rẹ kò dákẹ́, ò ń nàka, ò ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ibi tí ewu ti ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. O dúró gbọn-in kí ẹni tó ń lé ẹlẹgbẹ́ rẹ lè fi àyà gbá ọ, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ sì ráyè jù ú sáwọ̀n. Ó wọlé, wọ́n pa àtẹ́wọ́ fún un, ìwọ ti ń sáré padà. Òmíràn tún ń bọ̀ bíi màlúù, o dúró sójú ọ̀nà rẹ̀, ó kọlù ọ́, o fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Mo pariwo nínú yàrá ìjẹun. Curtis ní kí n dákẹ́ kí n máa wò, pé ẹni tó kọlù ọ́ ló ṣẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ ló gba bọ́ọ̀lù. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde, ẹni tó ń jẹ pọ́ìntì jù nínú yín sáré wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ nílẹ̀. Kóòṣì yín mi orí pé o ṣe é dáadáa. Nígbà tó fi máa pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ọ̀dọ́kùnrin yẹn kò béèrè bọ́ọ̀lù mọ́. Pọ́ìntì méjì ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ.

Ọdún méje, Àkànní. Ọdún méje ni mo fi ń ṣí fóònù, tí mò ń wo nọ́ńbà iwájú orúkọ rẹ, méjì, òdo, mẹ́rin, tí mo sì ń pa á dé, tí mò ń mí kanlẹ̀. Ìwọ ń ṣe gbogbo èyí, èmi ò sì rí i. Mo sunkún níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Curtis dìde, ó ṣí fíríìjì, ó ń wá nǹkan tí mo mọ̀ pé kò sọnù. Kò jókòó padà títí mo fi nu ojú mi.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó wà nínú èyí kò pọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ ń rí ọ. Ẹni tí kò rí ọ, ojú rẹ̀ ló wà níbòmíràn. Má fi ojú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ wọn ara rẹ, ì báà jẹ́ bàbá rẹ.

Ìyókù, màá sọ ọ́ wéré, nítorí ìyá rẹ ti ń pè mí fún oúnjẹ.

Má fi ẹ̀dùn ara pamọ́ mọ́. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ pé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ dá ọ dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì lọ́dún tó kọjá, o sì ní kó má sọ fún mi, nítorí o mọ ibi tí màá gbé e lọ. Èmi náà fi ẹ̀yìn dídùn pamọ́ ní Lancaster nítorí kí wọ́n má baà ní àgbàlagbà ni mí. Òun ló ń jí mi láràárọ̀ báyìí. Sọ ọ́ fún mi, màá gbàdúrà nínú yàrá mi, pẹ̀lú ẹnu pípadé.

Ọ̀dọ́ kan yóò wá gba ipò rẹ lọ́jọ́ kan. Kọ́ ọ. Ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ọ̀nà kan wà tí mo fi ń to páálí tí kì í wó. Mo kọ̀ láti fi han ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà rí ẹni fi rọ́pò mi. Ó ṣẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: wọn kò rí ẹni rọ́pò mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fi mí sí fún ọdún mẹ́rin, tí wọ́n ń gbé àwọn yòókù lọ sókè.

Fi owó díẹ̀ pamọ́. Fẹ́ ẹni tó lè bá ọ jókòó nígbà tí o bá pàdánù, tí kò ní sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ nìyẹn, mi ò tètè mọ rírì rẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí fún ọ, torí òun ló jẹ́ kí n lè gbé kálàmù. Ọ̀rọ̀ ìlera tún kàn mí. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mi ò ṣí ìwé pélébé. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Èmi kì í ṣe dókítà. Èmi ni mò ń na irinṣẹ́ sí dókítà." Ni mo bá gbọ́ ohùn Màmá Àgbà Ìjọ láti ìjókòó iwájú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o rò pé a ò mọ̀ ni? Ilé ìwòsàn kan náà lìwọ àti ọmọ mi jọ wà. A rí i pé ó dùn mọ́ ẹ ni, a ní ká máa pè ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Àkànní, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Gbogbo ọdún tí mò ń sá fún wọn, àwọn ló ń bò mí láṣìírí.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá Alàgbà Òjó níta, mo sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ gan-an la gbàdúrà lòdì sí, pé o fẹ́ràn rẹ̀, o sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní, "Bàbá Bólú, ẹ̀yin lẹ fún mi ní prayer point yẹn o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ó ní, "Ṣé ká wá gbàdúrà kí Ọlọ́run dá bẹ́ǹṣì náà padà ni?" Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó má tún fi iná kún iná.

Ọmọ mi, ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ní ìlú wa, bàbá kì í sábà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ó máa ń ra nǹkan fún un ni, tàbí kó béèrè bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n ibi tí o wà jìnnà, mi ò lè gbé oúnjẹ sí iwájú rẹ. Nítorí náà mo ní kí o dárí jì mí. Dárí jì mí fún ọjọ́ Sátidé yẹn, àti fún ọdún méje tí mo fi ń wo nọ́ńbà dípò ọmọ.

Tí o bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà, fọwọ́ sí i, kí Ọlọ́run fi ìlera sí egungun rẹ. Tí bọ́ọ̀lù bá sú ọ lóòótọ́, tàbí tí àárò ilé ń sọ ọ́, wá. A ó jọ gbé láyọ̀, mi ò sì ní béèrè ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nítorí ìtìjú mi lo ṣe fẹ́ wá sílé, má wá. Ìtìjú náà kò sí nílé mọ́.

Bàbá rẹ tó rí ọ.